Àgádágodo Nínú Àpò Ọ̀bẹ Mi

Rárá o, Ìyálé mi, ẹ má gbé omi wá, ẹ ṣeun, n ò mu, n ò sì jókòó, orí ìkúnlẹ̀ tí mo wà yìí náà ni n ó ti sọ ohun tó gbé mi wá láti Ìbàfò, torí tí mo bá fi lè fìdí kan àga yẹn pẹ́nrẹ́n, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ mí, ojú á tì mí, n ó dìde, n ó máa lọ, ọ̀rọ̀ náà á sì kú sí mi nínú. Bùrọ̀dá Gbémiga, ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ jọ̀ọ́, ọsàn tí ẹ̀ ń bó lọ́wọ́ yẹn, ẹ dáwọ́ ẹ̀ dúró ná. Èmi ò bá ọsàn jà. Ọ̀bẹ tí ẹ fi ń bó o ni mo bá wá. Ọ̀bẹ mi ni.

Ẹ̀n-ẹ́n, ẹ wò ó dáadáa, ẹ yí èkù ẹ̀ padà. Ṣé ẹ rí àmì pupa kékeré tó wà ní ìdí ẹ̀? Kútẹ́ẹ̀sì mi nìyẹn, èyí tí mo fi kun èékánná lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ Tolúwalọpẹ́. Ẹ rò pé bí wọ́n ṣe ṣe é láti òkè òkun nìyẹn? Èmi Adéyẹ́misí ni mo fọwọ́ ara mi kùn ún, kí àwọn kápẹ́ńtà má baà rí i he nílé oníbàárà kí wọ́n ní tàwọn ni. Àmì tí mo fi ń ṣọ́ olè ìta ló wá fi ti inú ilé hàn mí!

Háà, olè kọ́ ni mò ń pè yín o! Ẹnu mi ò gbà á, ẹ má bínú. Ẹ̀yin ò jí nǹkan kan. Wọ́n fún yín ni. Àbúrò yín ló fún yín. Ẹ sì gbọ́ bí mo ṣe pè é, àbúrò yín ni mo wí, mi ò sọ pé ọkọ mi. Títí a ó fi parí ọ̀rọ̀ òní, àbúrò yín ni.

Ṣé ó sọ bí a ṣe ra ọ̀bẹ yìí fún yín? Kò lè sọ ọ́. Ẹ mọ iṣẹ́ mi, iṣẹ́ kọ́tìnì. Gbogbo ilé tuntun tó ń hù bí olú ní Mágbòrò àti Àrépò, èmi ni mò ń gun àkàbà níbẹ̀ láti kan ọ̀pá kọ́tìnì mọ́ ògiri. Ẹni tó wà lórí àkàbà, ọwọ́ kan ṣoṣo ló kù fún un, ọwọ́ kejì ti di ọ̀pá mú. Tí síkúrù bá tú, tí okùn bá lọ́, tí mo bá ní kí n sọ̀kalẹ̀ wá púláyà, kí n gùn ún padà, kí n tún sọ̀kalẹ̀ wá àlùmọ́gàjí, ilẹ̀ á ṣú mọ́ mi lórí fèrèsé kan. Àbúrò yín náà ló sọ ọ́ lẹ́nu ara ẹ̀, ó ní, “Ìyá Tolú, ohun tó yẹ ẹ́ ni ọ̀bẹ tó ń ká sínú ara ẹ̀, èyí tó ní púláyà àti síkúrúdíráfà nínú, kó o máa so ó mọ́dìí.” Ó ní àti pé ọ̀nà márosẹ̀ yìí ò ṣe é fọkàn tán, tí mọ́tò bá dojú dé, tí bẹ́líìtì sì há mọ́ mi láyà, kí ni mo fẹ́ fi gé e, eyín? Bùrọ̀dá, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi débi pé omi bọ́ lójú mi. Mo ní ọkùnrin yìí ń ro tèmi.

Àwa méjèèjì la jọ lọ sí ìsọ̀ Láwàlì tó ń ta irinṣẹ́ ní Mówè. Láwàlì kó wọn kalẹ̀ fún wa. Èyí tí mo kọ́kọ́ mú ń dán yinrinyinrin, apá àti ẹsẹ̀ ẹ̀ pọ̀ ju ti akàn lọ, síbí wà ńbẹ̀, fọ́ọ̀kì wà ńbẹ̀, ohun tí wọ́n fi ń ta eyín pàápàá wà ńbẹ̀. Àbúrò yín gbà á, ó mì í sí mi létí, ó ní, “Gbọ́, ó ń dún ṣaworo. Ohun tó ń dún ṣaworo nísọ̀, á tú tó bá délé.” Mo tún na ọwọ́ sí ọ̀kan tó gùn bí idà, ó ní ṣé kí ọlọ́pàá lè sọ pé ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ni mí ni, tí wọ́n bá dá ọkọ̀ wa dúró tí wọ́n tú báàgì mi, wọ́n á ní jáàkì, ọ̀bẹ àwọn jàǹdùkú, ni mò ń gbé kiri. Ó ní kí n wá èyí tó kéré, tó ki, tí ọmọ ìka kan lè ṣí, tí ẹnu ẹ̀ sì máa ń dì pinpin tó bá ti là tán, kó má lọ ká mọ́ mi níka lórí àkàbà. Bí a ṣe dé orí èyí nìyẹn. Kò dán, kò lẹ́wà, Láwàlì ní Gbogbonìṣe lòun ń pè é. Mo ṣí i, mo pa á dé, mo ṣí i, mo pa á dé, àbúrò yín ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Dì í mú, jẹ́ kọ́wọ́ ẹ mọ ìwọ̀n ẹ̀. Tọ́wọ́ bá ti mọ ìwọ̀n irinṣẹ́, ojú ò níṣẹ́ níbẹ̀ mọ́.”

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn pamọ́ fún mi o, Bùrọ̀dá. Ọwọ́ mi mọ ìwọ̀n ẹ̀. Ibẹ̀ ló ti mú mi.

Mo délé, mo wá àjákù kọ́tìnì aláwọ̀ ewé, mo rán àpò fún un, mo fi bọ́tìnì sí i lẹ́nu, mo ń so ó mọ́dìí lọ síbi iṣẹ́. Ẹ wá kí wa lọ́jọ́ Sunday, ẹ rántí. Mo se ìrẹsì, ẹ jẹun, ẹ ní kí n wá nǹkan tí ẹ ó fi ṣí agolo mílíìkì. Mo yọ ọ̀bẹ mi nínú àpò, mo sì gbé e sílẹ̀ níwájú yín, mi ò fi lé yín lọ́wọ́, torí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé yín ni ìyá yín ti kọ́ mi pé nínú ilé yìí a kì í gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ara wa, pé ìjà ló ń dá sílẹ̀, ká gbé e sílẹ̀ kí ẹni tó fẹ́ ẹ mú un fúnra ẹ̀. Ẹ mú un, ẹ ṣí agolo, ẹ yí i síwá, ẹ yí i sẹ́yìn, ẹ ní, “Nǹkan yìí mà dára o! Irú èyí ló yẹ kí n máa lò.” Mo gbọ́. Mo ti wọ yàrá lọ fún ọmọ lọ́mú, àmọ́ mo gbọ́, mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́, inú mi dùn pé ohun tí mo fojú ara mi yàn wu àgbà. Ṣé èèyàn ò lè yin nǹkan ni? Mi ò mọ̀ pé nínú ìdílé Ògúnkànmí, tí ẹ̀gbọ́n bá ti yin nǹkan báyìí, àbúrò á dì í fún un kó máa gbé e lọ!

Kí lẹ wí? Ó ní tòun ni? Ìyálé mi, ẹ gbọ́ o! Ó ní tòun ni! Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ni! Ẹ gbà mí! Ohun tó so mọ́ mi nídìí, tí mo fi kútẹ́ẹ̀sì sàmì sí, ló fi ṣe ọmọ dáadáa lójú yín. Ẹ̀yin sì súre fún un, àbí ẹ ò súre? Ẹ súre. Ẹ ní yóò rí tiẹ̀ gbà. Olúwa ṣeun, àdúrà ti ń gbà, ẹ jẹ́ kí n dé ibẹ̀.

Ní Monday, mo jí, mo fún ọmọ lọ́mú, mo gbé e fún Fàsílátù tó wà ní yàrá kejì sí wa, mo bá àpò ọ̀bẹ mi tí wọ́n ti dì í ní bọ́tìnì padà, mo fọwọ́ kàn án, ó wúwo bó ṣe máa ń wúwo, mo so ó mọ́dìí, mo kọjá sí Mágbòrò. Àbúrò yín ti jí. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wò mí bí mo ṣe ń so ó. Ó ní, “Ó dàbọ̀, ṣe jẹ́jẹ́ lórí àkàbà o.” Bùrọ̀dá, ó ń wò mí!

Ilé alájà kan ni iṣẹ́ náà wà, onílé wà ní Èkó, àwọn tó ń lẹ táìlì ti jáde lọ jẹun. Yàrá kékeré kan wà lókè lábẹ́ páànù, wọn ò tíì fi sílìn sí i. Mo wọlé láti wọn fèrèsé ẹ̀. Atẹ́gùn dé, gbàà, ilẹ̀kùn pa dé. Mo bojú wẹ̀yìn, wọn ò tíì fi ọwọ́ ilẹ̀kùn sí apá inú, irin onígun mẹ́rin tó yẹ kó wọ inú ọwọ́ ilẹ̀kùn nìkan ló yọrí díẹ̀ báyìí, ìka ò lè mú un. Fóònù mi wà nísàlẹ̀, mo fi sí iná. Irin wà lójú fèrèsé. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ọpẹ́lọpẹ́ ọkọ mi. Mo ní púláyà Gbogbonìṣe ló máa fún irin yìí mú, yóò yí i lẹ́ẹ̀kan, n ó sì jáde. Mo tú bọ́tìnì àpò mi, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Àgádágodo!

Àgádágodo tó ti dógùn-ún, tí kò ní kọ́kọ́rọ́! Èmi tí ilẹ̀kùn tì mọ́lé, àgádágodo ni mo bá lápò! Tí mo bá rọ́ ọ fún yín bí àlá, ẹ ó ní kí n lọ gbààwẹ̀.

Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Ooru páànù yẹn, Bùrọ̀dá, mi ò gbàdúrà ẹ̀ fún ọ̀tá. Àkókò ọmú ọmọ tó, ó kọjá. Ẹ dákun, ẹ má gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ ti bímọ, ẹ mọ̀ ọ́n. Ọmú mi le bí òkúta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn fúnra ẹ̀, ó gba inú búláòsì mi jáde, ó ń kán sórí sìmẹ́ńtì, èmi sì mọ̀ pé ní Ìbàfò ọmọ mi ń ké. Oúnjẹ ọmọ àbúrò yín ń kán sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mò ń wò ó. Mo wá mú àgádágodo yẹn, mo fi ń lu irin fèrèsé, kàn, kàn, kàn, títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi bó. Ẹ wò ó. Ẹ wo ibí. Ìyá kan tó ń sá aṣọ ní ilé kejì ló gbọ́, ó ní òun kọ́kọ́ rò pé àwọn wẹ́dà ni. Nígbà tó gòkè wá, ó kàn tẹ ọwọ́ ilẹ̀kùn láti ìta ni o, ilẹ̀kùn sì ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́.

Mo délé, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún àbúrò yín bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín yìí. Ó sunkún! Ó gbé omi kaná, ó fi tówẹ̀lì jó mi lọ́wọ́, ó ń sọ pé, “Pẹ̀lẹ́, Ìyá Tolú, pẹ̀lẹ́.” Ó gba àgádágodo náà, ó ń yí i po bí ẹni tí kò rí i rí, ó ní àwọn olè inú ọkọ̀ ló ṣe é, pé bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn, wọ́n á yọ tèèyàn, wọ́n á fi ohun tó wúwo bákan náà dípò ẹ̀. Mo gbà á gbọ́! Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ń wo gbogbo èrò ọkọ̀ bí olè. A ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́, ó tún ń bi mí pé ṣé ó ń dùn mí!

Níbo ni mo ti wá rí i? Lórí sítátọ́ọ̀sì yín ni. Wọ́tsáàpù. Ẹ ya ara yín ní fọ́tò níbi tí ẹ ti ń bó ọsàn, bí ẹ ṣe ń bó o yìí náà, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé, “Àbúrò tó mọyì ẹ̀gbọ́n.” Mo fi ọwọ́ fẹ fọ́tò náà. Kútẹ́ẹ̀sì pupa. Mo dìde, mo lọ wo inú páálí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa, níbi tí a kó ìdọ̀tí irin sí láti ìgbà tí a ti kó dé Ìbàfò. Àgádágodo ẹnu ọ̀nà ilé wa àtijọ́ ò sí níbẹ̀ mọ́. Òun ni mo bá lápò, mi ò sì dá a mọ̀ nínú yàrá ọjọ́sí, ta ló ń wo ojú àgádágodo?

Ẹ má sọ pé nítorí ọ̀bẹ lásán. Ẹ dákun, ẹ má sọ ọ́. Tó bá jẹ́ pé ó ní, “Ìyá Tolú, ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ẹ, ojú tì mí, mo fún un,” n ó bínú, n ó kanrí, n ó sì se oúnjẹ alẹ́. Ohun tó ń pa mí ni pé ó wá ohun tó wúwo tó o! Ẹ bá mi rò ó. Bí ẹ ṣe lọ tán lọ́jọ́ Sunday yẹn, ó ti mọ̀ pé ẹ ti gbé ọ̀bẹ lọ, ó ń gbé nǹkan sọ́wọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí fúyẹ́ jù, ìyẹn tóbi jù, títí ọwọ́ ẹ̀ fi kan àgádágodo, ó wá ní, ẹ̀n-ẹ́n, èyí lọwọ́ ẹ̀ ò ní mọ̀. Èmi tó kọ́ ní ìwọ̀n nísọ̀ Láwàlì! Ohun tó kọ́ mi kí n má baà kú lórí àkàbà, òun náà ló fi tàn mí. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ẹ ní bóyá ó fẹ́ ra òmíràn fi dípò kí n tó mọ̀? Kí n tó mọ̀! Mo ti mọ̀, ọmú mi ti mọ̀.

Ẹ dárí jì mí, n ó pe orúkọ ọkọ mi ní gbangba lónìí. Olúwatìmílẹ́hìn. Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀gbọ́n lẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, pé Olúwa tì í lẹ́yìn. Òun tí Olúwa tì lẹ́yìn, kò lè ti èmi náà lẹ́yìn, àfi kó tì mí mọ́lé! Títì lẹ́yìn ni mo fẹ́ ẹ fún, títì mọ́lé ni mo rí.

Mo bọ̀wọ̀ fún yín, Bùrọ̀dá. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara ẹ̀, ìdí tí mi ò fi dá ọ̀rọ̀ yìí sọ nílé nìyẹn, tí mo fi gbé e wá síwájú yín. N ò tíì sọ fún un pé mo mọ̀. Ó rò pé ibi iṣẹ́ ni mo wà.

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ o. Lálẹ́ Monday yẹn, lẹ́yìn tó jó mi lọ́wọ́ tán, mo ní kí a jọ gbàdúrà. A kúnlẹ̀. Mo gbé ọwọ́ tó bó yìí sókè, mo ní, “Olúwa, ẹni tó yọ ọ̀bẹ mi nínú àpò, ilẹ̀kùn tó bá fẹ́ gbà kọjá, kó tì mọ́ ọn. Ohun tó bá fẹ́ ṣí, kó má ṣí. Ohun tó bá dì mú, kó yí padà bù ú jẹ.” Àbúrò yín sì ṣe Àmín! Kì í ṣe Àmín kékeré o, Àmín tó jí ọmọ! Ẹnu ara ẹ̀ ló fi fọwọ́ sí i!

Ẹ̀n? Kí ló dé tí ẹ ju ọ̀bẹ sílẹ̀? Ẹ rọra, á họ tábìlì. Bùrọ̀dá, ẹ jẹ́ n rí àtàǹpàkò yín. Aṣọ kí ni ẹ dì mọ́ ọn yẹn? Mo ti ń wò ó láti àárọ̀, mo ní kí n má bi àgbà. Ọ̀bẹ yìí ló gé yín? Ní ọjọ́ wo? Tuesday! Yé! Ẹ ò jẹ́ kí ẹnu ẹ̀ dì kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ ni, Bùrọ̀dá, àbúrò yín ò ṣàlàyé ẹ̀ fún yín, èmi ló ṣàlàyé ẹ̀ fún. Kí lẹ wí, Ìyálé mi? Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yín? Ó há? Láti àná tí ẹ ti ń pe wẹ́dà! Ha! Ha! Ẹ má bínú, ẹ̀rín ló ń pa mí, ẹ jẹ́ kí n jókòó, ẹsẹ̀ ń ro mí.

Ẹ̀ ń bi mí pé ẹni tó yọ ọ́ ni mo ṣépè fún ni tàbí ẹni tó wà lọ́wọ́ ẹ̀? Èmi ò mọ̀ o. Èmi gbàdúrà ni, Ọlọ́run ló ń pín in. Rárá o, ẹ má nà án sí mi, n ò gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin kọ́ lẹ mú un nídìí mi. Ẹ jẹ́ kó wà lórí tábìlì yẹn. Ẹ pe àbúrò yín. Kó fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀, kó máa bọ̀ ní Ìfọ̀ nísinsìnyí. Tó bá dé, òun ló máa mú un lórí tábìlì, òun ló sì máa fi lé mi lọ́wọ́, lójú yín, àtẹ́lẹwọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, ibi tó bó yìí gan-an. Mo mọ ohun tí ìyá yín wí. Ìjà tí wọ́n ní ó ń dá sílẹ̀, òun gan-an ni mo wọkọ̀ wá bá.

Ó ń dún? Ẹ fi sí sípíkà. Ìyálé mi, ẹ gbé omi yẹn wá, òùngbẹ ń gbẹ mí. Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ohùn ẹ̀ dùn, ó ní, “Bùrọ̀dá mi, ṣé ẹ̀ ń gbádùn ọ̀bẹ yẹn?” Ẹ dá a lóhùn, Bùrọ̀dá. Ẹ sọ fún un pé ìyàwó ẹ̀ wà ńbí, pé a tún fẹ́ gbàdúrà, kó tètè máa bọ̀ wá ṣe Àmín.